Àkàbà la fi ṣe tọdún yìí

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ń ṣe àyájọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2003, ni ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún. Lónìí, ìkíni ò gùn rárá. Àkàbà ni wọ́n gbé síta.

Bí orí rẹ̀ bá fara ti ògiri ní mítà 4 sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ògiri. Bó bá sún mọ́ jù, á gbé ẹni tó gùn ún ṣubú sẹ́yìn. Bó bá jìnnà jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Ẹ ò ní tépù? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín kan ẹsẹ̀ àkàbà, kí ẹ na ọwọ́ síwájú gbọọrọ: àtẹ́lẹwọ́ yẹ kó kan ọ̀pá ìdábùú tó wà lọ́gangan èjìká.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé a kì í kun àkàbà onígi lọ́dà, torí ọ̀dà ń bo ibi tó ti sán mọ́lẹ̀. Rọ́bà ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé wá ti jẹ tán. Wọ́n so páálí "Ẹ má lò ó" mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ti onírin ńkọ́? Ẹ má gbé e sún mọ́ wáyà iná rárá.