Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó di méjì

Alẹ́ Sátidé kan ni. Mo ti jẹ ẹ̀bà tán, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Bàrígà, mo ní kí n wo iye wákàtí tí mo fi ṣiṣẹ́ ìwádìí lọ́sẹ̀ yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ti ń kọ ọ́ sínú Excel: aago tí mo bẹ̀rẹ̀, aago tí mo dáwọ́ dúró. Mo ní kó bá mi ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní 2:15. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ọ̀sẹ̀ tí mò ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, kí n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yábàá. Kí n má parọ́, omi bọ́ lójú mi.

Tíṣà Yorùbá ni mí lọ́sàn-án, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí lóru. Ìpolówó ọjà inú àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó láyé àwọn bàbá wa àgbà ni mò ń ṣèwádìí lé lórí: Èkó Àkéte tí Adéoyè Dénígà dá sílẹ̀ lọ́dún 1922, Elétí Ọfẹ tí Akíntán gbé jáde ní 1923, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas. Mo ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo ń da ìpolówó inú rẹ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tí kò lariwo ni. Tí èèyàn ò bá ṣọ́ra, oṣù mẹ́ta á lọ, kò ní mọ ohun tó ṣe.

Mo pe àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Sábó. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ nu ojú yín. Iṣẹ́ yín ò sọnù. Ojú aago lẹ ní kó fi hàn yín, aago kì í sì í kọjá mẹ́rìnlélógún."

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Odidi ọjọ́ kan ni Excel ń pè ní 1. Aago mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ 0.25, ọ̀sán gangan jẹ́ 0.5. Tí àròpọ̀ bá ti kọjá wákàtí 24, tó sì jẹ́ pé bí aago lo ní kó ṣe kọ ọ́, á gbé odidi ọjọ́ kan pamọ́, ìyókù ló máa fi hàn ọ́. Ó ní kí n kọ [h]:mm síbi tí wọ́n ti ń yan bí nọ́ńbà ṣe máa rí. Mo kọ ọ́. 26:15 yọ sí mi bí ajigbèsè tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá san owó. Ó tún fún mi ní =MOD(C2-B2,1), B ni aago ìbẹ̀rẹ̀, C ni ti ìparí, fún àwọn òru ọ̀sẹ̀ mìíràn tí mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ tí mo parí ní aago kan, torí gbogbo ibẹ̀ ti kún fún #### láti ọjọ́ yìí, èmi rò pé láptọ́ọ̀pù mi ló ń kú lọ.

Inú mi dùn títí di àárọ̀ Sọ́ńdè. Ìgbà yẹn ni mo wá bi ara mi léèrè pé wákàtí 26 yìí, ìpolówó mélòó ló bí? Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án péré! Òpó mẹ́rìnlá ló wà nínú ṣíìtì mi nígbà yẹn. Omi tí mo mu wà níbẹ̀. Bí inú mi ṣe rí wà níbẹ̀, 1 sí 5. Mo kun ọjọ́ tó dáa ní àwọ̀ ewé, mo kun èyí tí kò dáa ní pupa, kíkùn yẹn gan-an sì wà lára wákàtí tí mo kà. Ara mi ni mò ń ṣèwádìí lé lórí, kì í ṣe ìpolówó.

Bàbá Alájọ ló gbà mí, kò sì mọ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníẹ̀wà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Á yọ káàdì kúrò nínú rọ́bà, á la bírò, á gba owó, á kà á, á fàmì sínú àpótí ọjọ́ náà. Ó parí. Àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, owó kan náà lójoojúmọ́, ti ọjọ́ kìíní sì jẹ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Kì í béèrè aago tí ìyá ta ẹ̀wà. Kì í béèrè bóyá inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ tí mò ń wò wọ́n dáadáa, ó ní, "Ìyá, ẹ ò sí ńlẹ̀ lánàá." Ìyá ní, "Òjò ni, Bàbá." Ó mi orí, ó fi àpótí àná sílẹ̀ lófìfo, ó fàmì sí tòní.

Mo pa òpó mẹ́wàá rẹ́ lọ́jọ́ náà. Mẹ́rin ló kù: ọjọ́, iye ìpolówó tí mo dà kọ, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, ojú ewé tí mo dé, ohun tó dí mi lọ́wọ́. Ní tèmi, kò sí pé mo máa san ti àná lónìí bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mẹ́fà lónìí kò bo ihò àná. Ọjọ́ kìíní oṣù sì jẹ́ ti alájọ: n kì í da ohun tuntun kọ, mo kàn ń tún àṣìṣe ṣe, mo ń kó gbogbo rẹ̀ sórí fúláàṣì. (Ìpolówó ní ṣíìtì tiẹ̀ lọ́tọ̀, òpó méjì fún ọ̀rọ̀ kan náà: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ láti ìgbà àkọtọ́ 1974. Ẹni tó bá wá "ayé" níbi tí wọ́n kọ "aiye" sí, ó máa wá a títí ni.)

Òpó "ohun tó dí mi lọ́wọ́" ló fún mi ní ìwọ̀sí jù. Lẹ́yìn oṣù méjì mo fi COUNTIF, òfin Excel tó ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan yọ, ka "iná". Ó ní 7. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àṣé tí mo bá wà nínú dánfó, "ina" ni mò ń tẹ̀ lórí fóònù, tórí kò rọrùn láti fi àmì sí i. Lórí láptọ́ọ̀pù, "iná". Lójú Excel, ọ̀rọ̀ méjì ni. N kò lè bá a jà, èmi tí mò ń na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Mo ṣe àkójọ tí mo kàn ń yàn nínú rẹ̀, n kò tẹ ohunkóhun mọ́. Iná di 11, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ 8, òde 4.

Mo wá fara balẹ̀ wo àwọn ọjọ́ iná mọ́kànlá yẹn. Mẹ́fà nínú wọn, mo ti gba iná sí láptọ́ọ̀pù kún dẹ́múdẹ́mú nílé ìwé kí n tó dé. Bátìrì wà. Èmi náà wà. Orí Facebook ni mo wà. Ojú ló ń tì mí láti kọ ọ́, ni mo bá ń ti ọ̀rọ̀ sí iná lọ́rùn, ẹni tí kò sí nílé láti jẹ́jọ́. Mo fi "fóònù" kún àkójọ náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òun ló gba ipò kìíní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mò ń jẹ ẹ̀wà lórí bẹ́ǹṣì Ìyá, láptọ́ọ̀pù wà lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá Alájọ yọjú wò ó. Mo ní káàdì tèmi nìyí. Ó wọ gíláàsì rẹ̀.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa kó o?"

"Tí wọ́n bá fún mi níwèé ẹ̀rí, Bàbá."

Ó fi bírò tọ́ka sí àpótí òfìfo kan. "Ọjọ́ kẹrìnlá yìí ńkọ́?"

"Mo lọ sóde òkú ní Ìsàlẹ̀ Èkó."

"Ẹ rí jẹ níbẹ̀?"

"Mo rí jẹ, sà."

Ó yí sí Ìyá Oníẹ̀wà, ó ní kó mú owó wá.