Ẹni Tó Gbé Ọwọ́ Lé Orúnkún

Sátidé, alẹ́.

Ẹsẹ̀ ń ro mí bí ẹni tó ti oko ẹgàn dé. Mo ti rì í bọ omi gbígbóná nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì ń fi ọwọ́ kan tẹ èyí. Ó lé ní wákàtí méjì tí a fi tò ní Leshan, ní Ṣáínà, lónìí, torí kí a ṣáà lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa ní Chengdu ló mú mi lọ. Rélùwéè kò gbà ju bíi wákàtí kan lọ. Ère Búdà ńlá tí a lọ wò, ara àpáta pupa ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, mítà 71 ni gíga rẹ̀, ó sì dojú kọ ibi tí odò mẹ́ta ti pàdé. Omi ibẹ̀ máa ń da ọkọ̀ nù láyé àtijọ́. Ní ọdún 713, àlùfáà Búdà kan tó ń jẹ́ Haitong bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó kiri láti gbẹ́ ère náà, kí omi lè rọ̀. Wọ́n ní ìjòyè kan wá bá a pé kí ó bu fún òun nínú owó yẹn. Haitong ní òun lè yọ ojú òun fún un, ṣùgbọ́n owó Búdà kọ́. Wọ́n ní ó sì yọ ọ́ lóòótọ́. (Ó ń ṣe mí bíi kí n béèrè bóyá ìjòyè yẹn ní mọ̀lẹ́bí ní Nàìjíríà. Mo panu mọ́.)

Haitong kú, owó tán, iṣẹ́ dúró, wọ́n tún dáwọ́ lé e. Ọdún 803 ni wọ́n tó parí ère náà. Orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn tó lu òòlù àkọ́kọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwa rí i. Àtẹ̀gùn tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewédò bo ara àpáta níbi tí omi ti ń ṣun, ẹni tó wà níwájú mi sì ń dúró ya fọ́tò ní gbogbo ìkòríta. Etí la kọ́kọ́ kọjá, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà ọwọ́. Nígbà tí a dé ilẹ̀, mo gbójú sókè, ọrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi. Èékánná ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kí ènìyàn jókòó lé. Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣàkíyèsí pé kò ká ẹsẹ̀ kò bí àwọn Búdà yòókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Nílé wa, tí àgbàlagbà bá ti gbé ọwọ́ lé orúnkún báyẹn, a ó ti máa sọ pé, "Ẹ fẹ́ máa lọ nìyẹn?" torí ó ti fẹ́ dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní kì í ṣe Búdà tó ti wá rí nìyí, Maitreya ni, ẹni tó ń bọ̀. Ó ní baba oníkùn tó ń rẹ́rìn-ín, tí mo rò pé òun gan-an ni Búdà, Maitreya náà ni! Ní nǹkan bí ọdún 1,100 sẹ́yìn, àlùfáà kan ń rìn kiri ní Ṣáínà pẹ̀lú àpò aṣọ léjìká, wọ́n ń pè é ní Budai, ìyẹn àpò aṣọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ní Maitreya ló wá bẹ̀ wọ́n wò, tí ẹnì kankan ò dá a mọ̀. Ẹ wo iye ọdún tí mo ti fi ń ṣi ọkùnrin yìí pè, láti ìgbà tí mo ti ń rí i lórí káńtà ilé oúnjẹ Ṣáínà ní Ìkẹjà.

Lórí rélùwéè ìpadàbọ̀ ni mo ka ìtàn bí Maitreya yóò ṣe wá nínú ìwé àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, lórí fóònù. Ọba kan ni kò fún àwọn tálákà ní nǹkan. Òṣì bí olè, olè bí ohun ìjà, ìpànìyàn àti irọ́ tẹ̀lé e, ẹ̀mí ènìyàn sì ń kúrú títí ó fi já láti 80,000 ọdún sí ọdún mẹ́wàá péré. Ọmọ ọdún márùn-ún á máa lọ ilé ọkọ. Nígbà náà ni idà yóò fi ọjọ́ méje jà, tí ènìyàn yóò máa wo ẹnì kejì rẹ̀ bí ẹranko. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ á sá wọ igbó. Nígbà tí wọ́n bá jáde, wọ́n á dì mọ́ ara wọn, wọ́n á máa yọ̀ pé ẹnì kejì ṣì wà láàyè. Bí èmi bá ni mo ń túmọ̀ rẹ̀, "Ẹ kú ewu o!" ni n óò kọ síbẹ̀. Wọ́n á pinnu pé àwọn ò ní pààyàn mọ́, ẹ̀mí á sì tún máa gùn padà, ìran dé ìran. Nígbà tó bá tún pé 80,000 ọdún ni Maitreya tó máa wá.

Mo pa fóònù dé níbẹ̀. Ohun tí mo ti gbọ́ láti kékeré ni pé ayé á bàjẹ́, ẹni tí à ń retí á wá tún un ṣe. Tiwọn kọ́ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ti fúnra wọn gbá ilé mọ́ tán ni àlejò wọn ń dé.

Àwọn kan ò lè dúró. Ọbabìnrin Wu Zetian ti Ṣáínà fi orúkọ Maitreya kún oyè rẹ̀ ní 695, ó sì yọ ọ́ kúrò lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1351 àwọn ọlọ́tẹ̀ tó wé aṣọ pupa mọ́rí ń kéde pé ó ti dé, ogun bẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Zhu Yuanzhang, ló wá di ọba ní 1368, òun náà ló sì fòfin de àwọn ẹgbẹ́ tó ń wàásù dídé Maitreya. Ó mọ ohun tó gbé òun gorí oyè.

Ìtàn Asanga, àlùfáà Búdà kan láyé àtijọ́, ló wọ̀ mí lára jù. Ọdún 12 ló fi wà nínú ihò àpáta ní Íńdíà, ó ń gbàdúrà kí ó rí Maitreya, kò rí nǹkan kan. Ó sú u, ó jáde. Ó bá ajá kan lójú ọ̀nà, egbò bo ìdí rẹ̀, ìdin ń rìn níbẹ̀. Àánú ajá ṣe é, àánú ìdin náà ṣe é: bó bá fi ìka mú wọn, wọ́n á fọ́. Ó wá di ojú, ó na ahọ́n. Ahọ́n ò kan nǹkan kan. Nígbà tó lajú, Maitreya ló wà níwájú rẹ̀.

"Ọdún 12! Níbo lẹ wà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo wà láti ọjọ́ yìí."

Asanga gbé e kọ́ èjìká wọ ìlú láti fi hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan léjìká rẹ̀, àfi ìyá arúgbó kan. Ajá eléegbò ló rí.

Màámi pè mí ní fídíò bí mo ṣe wọlé, mo sì rò ó fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ṣé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ère ṣá. Wọ́n wá béèrè pé ìgbà wo ni ẹni yẹn ń bọ̀. Mo ní àwọn ará ibí sọ pé 5,670,000,000 ọdún. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí, "ìyẹn ni pé o ṣì ní àyè láti fọ àwọn abọ́ tí mò ń wò lẹ́yìn rẹ yẹn?"

Omi ẹsẹ̀ mi ti tutù. Abọ́ mẹ́ta ni, àti ìkòkò ìrẹsì tó jóná mọ́dìí.