Ilke Wyludda, ẹ kú iṣẹ́!

Fídíò ìgbà tí Chioma Ajunwa fò gba góòlù ní Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996 ni mo ń wá lálẹ́ àná láti fi han àbúrò mi, ni YouTube bá gbé obìnrin ará Jámánì kan ka iwájú wa. Ilke Wyludda. Ó pòòyì, ó ju discus, àwo rìbìtì tí wọ́n fi ń díje, ó di mítà 69.66! Góòlù lòun náà gbà ní Atlanta yẹn, ẹni tó ṣe ipò kejì ò tiẹ̀ dé mítà 67. Àbúrò mi lanu: "Àǹtí, ṣé apá èèyàn nìyẹn?"

Mo bá ka ìtàn rẹ̀. Ó di dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Àìsàn wá mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Síbẹ̀, ní 2012, ó lọ sí Paralympics, Òlíńpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara, ní London, ó jókòó ju discus, ó tún ju ọta irin. Kò gba àmì ẹ̀yẹ níbẹ̀. Kí ló kàn mí nínú ìyẹn? Ó kú ní oṣù Kejìlá 2024, ẹni ọdún 55.

Àbúrò mi ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta discus. Mo ní kílò kan ni tàwọn obìnrin, ṣùgbọ́n kó má dán an wò nínú pálọ̀ mi o.