Ìbẹ̀rù Àga Dókítà Eyín

Àtàlátà, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì

Mo ti ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Tanke dé lónìí, eyín tí mo gbé lọ náà ni mo sì gbé bọ̀, nítorí èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó wò. Eyín ìkẹyìn lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni. Níbùú ló yọ, ó fi orí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀, oúnjẹ sì máa ń há sáàárín méjèèjì títí èrìgì yóò fi wú. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, ó ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀mú fà lásán, pé àwọn yóò la èrìgì, àwọn yóò gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára egungun, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn gé eyín náà sí méjì kó tó jáde. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn.

Kó tó kàn mí ni nọ́ọ̀sì ti fún mi ní ìwé kan tó ní ìbéèrè 5: báwo ni yóò ṣe rí lára mi bó bá jẹ́ pé ọ̀la ni mo ń lọ rí dókítà eyín, bí mo bá jókòó tí mo ń retí kí wọ́n pè mí, bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ eyín mi, bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́, bí wọ́n bá fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ní èrìgì. Láti orí 1 dé 5 ni máàkì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá sì ti tó 19, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti kọjá kèremí. Mo gba 21 nínú 25, láì kàwé rárá.

N kò rò pé ìrora gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ náà kò ràn, wọ́n sì yọ eyín mi bẹ́ẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà di ọwọ́ mi mú. Èyí tí mo rántí jù nínú rẹ̀ ni pé mo ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi là sílẹ̀ gbayawu, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Dókítà òní ṣàlàyé fún mi pé ibi tó bá ti wú tó sì ń gbọyún, omi ara ibẹ̀ a máa kan, oògùn kì í sì í lè wọ inú iṣan tí ń gbé ìrora bó ṣe yẹ. Ó tún ní àyà tó máa ń lù kì-kì-kì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kì í ṣe ti ìbẹ̀rù nìkan, nítorí wọ́n máa ń fi adrenaline, èròjà tí ń mú àyà sáré, sínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀, kí oògùn náà sì lè pẹ́ lójú kan. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ojo ara mi ni.

Òórùn ibẹ̀ tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Kànáfùrù ni mo máa ń fi há ìdí eyín yìí nílé bó bá ti ń ro mí, ara a sì tù mí. Òórùn kànáfùrù kan náà ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn tí ẹsẹ̀ mi fi wúwo, nítorí òróró rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín.

Ní ti oògùn tí ń mú ara balẹ̀, mo kọ́kọ́ béèrè gáàsì nitrous oxide, èyí tí ènìyàn ń fà símú pẹ̀lú ọ́síjìn, tí agbára rẹ̀ sì ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí wọ́n bá ti dá a dúró. Dókítà eyín ni Horace Wells tó kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀ fún eyín yíyọ ní Amẹ́ríkà, tó ní kí ẹlẹgbẹ́ òun yọ eyín òun ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1844, mo sì fẹ́ràn pé ẹni tí ń yọ eyín ló kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tí mo lọ. Oníhóró wà, èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú iṣẹ́. Midazolam tún wà, tí wọ́n ń fà sí iṣan apá: ènìyàn yóò máa tòògbé, yóò sì máa dáhùn bí wọ́n bá pè é, àmọ́ bóyá ni yóò rántí púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí èyí tó rọ́pò abẹ́rẹ́ èrìgì nínú wọn. Ọkàn ni wọ́n ń mú rọ̀, abẹ́rẹ́ ló ń pa ìrora.

Ibi tí mo ti ń ṣiyèméjì nìyí. Bó bá jẹ́ pé àìlèsọ̀rọ̀ ni mo ń bẹ̀rù, ṣé oògùn tí yóò tún dín ọ̀rọ̀ ẹnu mi kù ni mo fẹ́ gbà? Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó ní, “Alhaja, ẹ na ọwọ́ òsì yín sókè nígbàkigbà, a óò dáwọ́ dúró.” Nígbà tó ń fi dígí kékeré yẹ ẹnu mi wò, mo na ọwọ́ náà láìsí ìdí kan, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Dígí náà ti kúrò lẹ́nu mi kí n tó mí, ó fà sẹ́yìn, ó ń wò mí, kò sì bínú. Bó bá jẹ́ pé ihò ni wọ́n fẹ́ dí, ọwọ́ yẹn nìkan ìbá tó mi. Ti egungun gbígbẹ́ yìí kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ gba ti iṣan apá, bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tí ń yọ eyín ni yóò máa ṣọ́ èémí mi àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Mo bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń ṣe é, ó sì dárúkọ oògùn tí ń lé midazolam kúrò lára bó bá di dandan.

Wọn kò ní jẹ́ kí n dá lọ sílé, n kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀fà. “Ṣé wọ́n fẹ́ kùn ẹ́ lóorun ni?” Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kàn fẹ́ mú mi tòògbé ni.” Ó ní òun yóò wọlé ní alẹ́ Àlàrùbá kí a lè jọ lọ ní Àlàmísì, òun yóò sì gbé wàrà bọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó fi wàrà náà pamọ́, nítorí n kò gbọdọ̀ jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ sì nìyẹn, n kò mọ ìgbà tí ẹnu mi yóò lè jẹ nǹkan tó le ju ẹ̀kọ mímu lọ.