Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ ìtàn ìgbésí ayé àlùfáà tó tún jẹ́ tísà

Bí àlùfáà àgbà bá ti sùn nínú Olúwa, kì í pẹ́ tí ẹbí á fi máa wá ẹni tí yóò kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá sínú ìwé ètò ìsìnkú. Nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti rí i pé ibi méjì ló ti máa ń bà jẹ́ jù: ọdún tí bàbá fi ṣe tísà, tí wọ́n máa ń fò kọjá nínú gbólóhùn kan, àti ọjọ́ ìkẹyìn wọn, tí wọ́n máa ń bù mọ́.

Inú ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ẹnu àwọn èèyàn. Ẹ wá rẹ́jísítà ìrìbọmi ìjọ tí wọ́n ti rì wọ́n bọmi, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé wọn, àti ìwé ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ orí inú wọn kì í sábà bára mu, kò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan purọ́. Láyé ìgbà yẹn, tísà á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ rékọjá orí kó fi kan etí kejì. Bọ́wọ́ ò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tí bàbá wọ ilé ìwé ń sọ bí wọ́n ṣe ga tó ni, kò sọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Bí ìwé ò bá sí, ẹ bi àwọn àgbà bóyá wọ́n ti bí bàbá nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tàbí nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ pé “nǹkan bí ọdún” báyìí. Nǹkan bí 1809 la ṣì ń kọ fún ìbí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther títí dòní, kò sì bu iyì wọn kù.

Ẹ ṣọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ àti ti dáyósíìsì, ìyẹn àgbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan. Ẹni tí wọ́n bí ní 1935 kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí “ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun”, torí 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ yẹn sílẹ̀. 1952 sì ni Dáyósíìsì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ Dáyósíìsì Èkó ni àwọn ìjọ Ìbàdàn wà ṣáájú ìgbà yẹn.

Ó kan iṣẹ́ tísà, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Nínú ìjọ Áńgílíkà wa, ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé ìwé là ń pè ní tísà, ẹni tó ń ka àdúrà tó sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi náà là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì. Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá: wọ́n kọ́ṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ní Abẹ́òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà ní Ìbàdàn ní 1866, wọ́n di díákónì, ipò tó ṣáájú ti àlùfáà, ní 1880, wọn ò sì di àlùfáà títí di 1888. Ẹni tó bá kọ “wọ́n di àlùfáà ní 1880” ti gbé ọdún mẹ́jọ mì. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti díákónì, ọ̀tọ̀ ni ti àlùfáà. Ẹ wá méjèèjì.

Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé: ìlú, ìjọ, ilé ìwé, ọdún tí wọ́n dé àti ọdún tí wọ́n kúrò. Ẹ kọ gbogbo ibi tí wọ́n gbé wọn lọ tẹ̀lé ara wọn. Bí ọdún méjì bá gun ara wọn, ẹnì kan ti ṣì í sọ. Bí àlàfo bá sì wà, ó lè jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà, ní Saint Andrew's Ọ̀yọ́ tàbí Wesley College Ìbàdàn, tàbí kó jẹ́ àìsàn. Bí ilé ìwé náà bá ṣì ní lọ́ọ̀gìbúùkù, ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ti máa ń kọ ọjọ́ tí tísà tuntun dé sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ méjì, ó kéré tán, tí wọn kì í ṣe ẹbí. Ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni bàbá. “Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n” lẹ ó gbọ́, ó sì parí. Ẹ bi wọ́n pé kí ni bàbá ń ṣe fún ọmọ tó bá pẹ́ dé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń kọ do-re-mi orin sójú pátákó kí wọ́n tó kọ́ wọn lọ́rọ̀ rẹ̀, àti orin wo. Ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọmọ-ọmọ mọ bàbá àgbà rẹ̀.

Ní ti ikú wọn, ẹ bá ẹni tó wà nínú yàrá sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, kí àlejò tó sọ ìtàn náà di mìíràn. Ẹ béèrè ìgbà tí bàbá lọ sílé ìsìn kẹ́yìn, ẹni tó gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wá bá wọn nílé, àti sáàmù tàbí orin tí wọ́n ní kí wọ́n kọ. Bí wọ́n bá jẹ̀rora fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí màmá bá gbà. Bí wọn ò bá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kankan, ẹ má ṣe ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tí bàbá tirẹ̀ kú nínú ìrora náà yóò ka ìwé yẹn, á sì máa rò pé ìgbàgbọ́ bàbá òun kò tó.

Nígbà tí Philip Melanchthon, olùkọ́ ńlá àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Wittenberg nílẹ̀ Jámánì, ń kú lọ ní April 1560, ọkọ ọmọ rẹ̀ bi í bóyá ó ń fẹ́ nǹkan kan. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan mìíràn àfi ọ̀run. A lè fọkàn tán ọ̀rọ̀ yẹn nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn ikú rẹ̀ jáde lọ́dún yẹn gan-an.

Kí ìsìnkú tó dé, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé bàbá: dáyárì, lẹ́tà, ìwé ìwàásù. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Johnson fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọnù síbẹ̀, wọ́n sì kú ní 1901. Àbúrò wọn, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àwọn ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀, 1921 ló sì tó jáde. Ká ní àwọn ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn náà ti jóná ńkọ́? Lẹ́yìn ìsìnkú ni ilé máa ń di pípín, tí ikán á sì wọ àpótí. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, torí yíǹkì bíírò máa ń là kọjá síwájú. Kí ẹ̀dà kan wà ní ọ́fíìsì ìjọ, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé ìlú mìíràn.

Ojú ewé méjì ti tó fún ìtàn inú ìwé ètò. Orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní ojú ewé tiwọn. Kí ẹ tó gbé e fún atẹ̀wé, ẹ ka gbogbo orúkọ àti ọdún sókè létí àgbà kan nínú ẹbí, kẹ́ ẹ sì fún un láyè kó dá yín dúró.