Ẹ fẹ́ ta ilé? Ẹ má tíì ra táìlì

Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni mò ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀, àwọn tó sì ń pè mí jù báyìí ni àwọn tó fẹ́ ta ilé wọn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹnì kan fẹ́ tú gbogbo táìlì ilẹ̀ dànù, ẹlòmíì fẹ́ wó kíṣìnì kó tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi owó yẹn sápò ná. Ẹni tó ń bọ̀ wá ra ilé ti mọ irú kíṣìnì tó wu òun. Tí ẹ bá ná owó rẹpẹtẹ sí èyí tó wu ẹ̀yin, ó lè tú u lọ́jọ́ tó bá kó dé, kò sì ní tìtorí ẹ̀ fi gbogbo owó tí ẹ ná kún iye ilé.

Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó ń wo ilé. Owó ńlá ló fẹ́ yọ, kò mọ ohun tó wà nínú ògiri, kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ohun kékeré tó bá rí ló máa fi ń díwọ̀n ohun ńlá tí kò rí. Ẹ̀rọ omi ń kán, ilẹ̀kùn kan kò pa dé, súìṣì kan mì lára ògiri: ó ti ń rò ó pé bí wọ́n bá fi èyí sílẹ̀ báyìí, báwo ni òrùlé ṣe máa rí? Ìbẹ̀rù yẹn ló ń gé iye tó máa dá lé ilé yín. Iṣẹ́ tó ń mú un kúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì wọ́n.

Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Mo máa ń gbójú sókè wo àjà, mo máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì kí n fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ògiri balùwẹ̀. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lára àjà, omi ń wọlé láti òkè, tàbí kó jẹ́ pé ó ti wọlé rí. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun tó ń yọ lára ògiri, iyọ̀ tó wà nínú sìmẹ́ńtì àti bíríkì ni. Omi ló ń gbé e jáde. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù síta. Ọ̀dà tí ẹ bá kùn lé e lórí máa bó ni dandan.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé kí n ṣáà bò ó títí wọ́n á fi tà á. Mi ò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lè mú ẹni tó ń yẹ ilé wò wá, àwọn yẹn sì ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin inú ògiri. Tó bá rí i pé ọ̀dà tuntun ló bo ibi tó rin, kò tún ní gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ lẹ́nu yín mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyà ńlá ni fún ẹni tó kó gbogbo owó tó tù jọ sórí ilé kan. Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, ẹ dí i, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká wá fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ olóróró tó ń dí àbàwọ́n kùn ún ká tó fi ọ̀dà gan-an lé e. Bí ẹ bá fi ọ̀dà olómi nìkan kùn ún, àbàwọ́n náà á tún yọ, ì báà jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta lẹ kùn.

Tí ẹnu ẹ̀rọ omi bá ń kán, wọ́ṣà inú ẹ̀, ìyẹn rọ́bà kékeré tó ń dí omi, ló sábà máa ń jẹ. Sílíkóònù tí wọ́n fi dí etí ibi ìwẹ̀, tó bá ti dúdú, ẹ gé e kúrò tán pátápátá, nítorí tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ẹ nu ibẹ̀ kó gbẹ, ẹ fi tuntun sí i, kí omi má kàn án fún wákàtí 24.

Lẹ́yìn omi, ó kan fífọ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń kun ọ̀dà, ṣùgbọ́n ògiri míì wà tí kò nílò ọ̀dà rárá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ló ń fẹ́, pàápàá ní àyíká súìṣì àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ọwọ́ ti ń kàn lójoojúmọ́. Ẹ fọ fèrèsé tinú tòde. Kò sí gílóòbù tó lè ṣe ohun tí gíláàsì mímọ́ ń ṣe fún yàrá.

Ọ̀dà wàyí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ tó ń mú wá, ìmúrasílẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ ha èyí tó ti ń ṣí, ẹ dí ihò ìṣó, ẹ fi sáńdípépà ha ibẹ̀ kó jọ̀lọ̀, ẹ nu eruku kúrò. Bí ilé bá ti pẹ́ gan-an, ẹ dúró ná: ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì ń ṣe ọpọlọ ọmọdé níjàm̀bá. Ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ lè ronú nípa ọjọ́ orí ilé tiyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó fi sáńdípépà kàn án.

Ògiri tí kò tẹ́jú, ọ̀dà tí kì í dán ló yẹ ẹ́. Èyí tó ń dán máa ń tú gbogbo àṣírí ògiri síta, pàápàá tí oòrùn bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ilẹ̀kùn àti férémù ni kí ẹ fi í sí, torí ó rọrùn láti nù. Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni kí ẹ kùn ún. Ní ti àwọ̀, ẹ fi funfun rírẹ̀ tàbí àwọ̀ eérú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun sí i, kó sì jẹ́ ọ̀kan náà láti yàrá dé yàrá. Ilé á dà bí èyí tó gbòòrò sí i. Ìyá kan wà tó kun yàrá ọmọ rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Yàrá náà rẹwà lóòótọ́, ó sì dùn ún pé a fẹ́ pa á rẹ́. Mo sọ fún un pé, “Ìyá mi, ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ lè rí ọmọ tirẹ̀ nínú yàrá yìí.” Ó gbà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ la kọ́kọ́ fi sí i, nítorí àwọ̀ tó bá kì báyẹn kì í fẹ́ kúrò lábẹ́ funfun.

Kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Bàbá kan ti ní kí káfíńtà wá ṣírò owó tuntun fún òun. Mo ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo mì í, kò yẹ̀. Mo ní, “Bàbá, igi yìí ṣì le dáadáa, ojú rẹ̀ nìkan ló ti gbó.” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú?” Ó dá mi lójú. A tú àwọn ilẹ̀kùn náà, a fi nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa dàrú, a fọ ọ̀rá ara wọn títí ó fi tán. Ẹ má fo ìyẹn rárá, ọ̀dà kì í dì mọ́ ọ̀rá. A fi sáńdípépà ha wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí dídán wọn kú, a fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, a wá kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú rólà kékeré. Lẹ́yìn náà la pààrọ̀ ọwọ́ wọn. Ẹ wọn àárín ihò méjèèjì kí ẹ tó lọ ra ọwọ́ tuntun: mìlímítà 96 àti 128 ló wọ́pọ̀. Tó bá bá ihò àtijọ́ mu, ẹ ò ní lu òmíràn. Káfíńtà yẹn kò tún padà wá. Ọ̀dà tuntun lè gbẹ lọ́wọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó le dénú, nítorí náà ẹ rọra máa pa ilẹ̀kùn náà dé.

Gílóòbù: inú yàrá kan náà, kí ìmọ́lẹ̀ má yàtọ̀ síra. Nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ wò, òun ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà. 2700K sí 3000K máa ń pọ́n díẹ̀, ó tu ojú lára, ó yẹ pálọ̀ àti yàrá. 4000K funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dáa fún kíṣìnì. Súìṣì tó ya, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe é.

Ilẹ̀kùn iwájú náà ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń bọ̀ máa dúró sí nígbà tí ẹ bá ń wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ kùn ún, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀ tó bá ti dípẹtà, ẹ kán òróró sí i kó má dún mọ́.

Ẹ jẹ́ kí òórùn ọ̀dà lọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá. Ẹ má da lọ́fínńdà bò ó, ńṣe ni wọ́n á máa wá ohun tí ẹ fi í bò. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e dáadáa, ẹ kọ orúkọ yàrá àti ọjọ́ tí ẹ kùn ún sára ìdérí, kí ẹ kó o sí ibi kan pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ tún ṣe. Ẹ fi han ẹni tó bá wá wo ilé nígbà tó bá béèrè nípa omi, torí ó máa béèrè.