Mo Fẹ́ Sọ Ìjàpá Di Ọ̀làjú

Volkswagen tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, Ìjàpá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún 1976 ni wọ́n tò ó nílé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ò tíì pé ọdún méjì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń bẹ nídìí, ẹrù ń bẹ níwájú, èmi àti ìyàwó mi wà láàárín.

Ìyọnu kan ṣoṣo tó ní ni kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń pàdé, tó ń yapa, kí púlọ́ọ̀gì lè ta iná. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ojú kọ́ńtáàtì á jó, á dúdú, mọ́tò á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí arúgbó tó fa áṣáà. Bàbá mẹkáníìkì á fi síìsípépà ha á, ó tún di ọjọ́ mìíràn.

Ó sú mi. Àbúrò mi tó wà ní London bá mi fi ẹlẹ́tíróníìkì ránṣẹ́: nǹkan dúdú kékeré tó ń rọ́pò kọ́ńtáàtì, tó ní wáyà méjì, pupa àti dúdú, pẹ̀lú òrùka kan tí wọ́n to mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí nínú. Orí ọ̀pá tó ń yí nínú dìsìtíríbútọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, la máa ki òrùka yẹn bọ̀. Bí mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá, á já iná kọ́ìlì, ohun tó ń sọ iná bátìrì di ńlá, púlọ́ọ̀gì á sì ta iná. Irin ò lu irin, ojú kankan ò jó. Ohun méjì ni ìwé tó bá a wá kìlọ̀ rẹ̀: ẹ má gbé wáyà pupa síbi dúdú, ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́. Mo ka ti àkọ́kọ́ dáadáa.

A ò lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tá a fi dè é. Mo na ọwọ́ kí n sọ kọ́ńtáàtì àtijọ́ sí gọ́tà, Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀rá wé òun àti kọ̀ńdẹ́ńsà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Tíṣà, ọjọ́ tí eléyìí tuntun bá máa kú, kò ní wúkọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Owú iṣẹ́ ló ń jẹ Bàbá, èmi lèmi rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, a ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi n'Ìjẹ̀bú-Òde. Láti Ìbàdàn ni Ìjàpá ti ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. A kọjá Ìdí Ayùnrẹ́, ìyàwó mi rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Díẹ̀! Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì kan ń jà lórí rédíò nítorí ilẹ̀ bàbá wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti dùn débi pé n ò lè fi sílẹ̀. Mo tún kọ́kọ́rọ́ yí padà kí rédíò lè máa sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn bí ẹni tí òun náà ń ra ilẹ̀. Nígbà tó fi dé, wọ́n ti parí ìjà lórí rédíò.

Mo ta á. Sítátà yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò dá a lóhùn. Kò tilẹ̀ wúkọ́. Mo lọ fọwọ́ kan kọ́ìlì, ó gbóná bí agbada alákàrà. Ìgbà yẹn ni ìkìlọ̀ kejì tó wá sí mi lọ́kàn.

Mo pe Bàbá. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, owó ìpè tèmi ló sì fi rẹ́ ẹ. Ó ní kí n ṣí píjìnhóòlù. Ọ̀rá yẹn ló wà níbẹ̀!

Mo yá súkúrùdiráfà lọ́wọ́ fọ́kánáísà kan. Ojú kọ́ńtáàtì ṣì dúdú, mo bá gba fáìlì tí ìyàwó mi fi ń tún èékánná ṣe, mo fi ha á. (Mo ṣì jẹ gbèsè fáìlì kan títí dòní.) Súkúrù kan ṣoṣo ló ń de kọ́ńtáàtì mọ́lẹ̀, kò tó èékánná ọmọdé. Ibi tí mo ti ń gbé e lọ, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ.

"Òrùka onímágínẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?" Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Mo tú okùn ṣòkòtò mi, mo so òrùka mọ́ ọn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ bí apẹja, mo fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò mú. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbé súkúrù wá sókè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹlẹ́tíróníìkì náà ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ó wá ku àlàfo. Tí kọ́ńtáàtì bá yanu tán, àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 0.4, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n.

"Ṣebí òde lẹ̀ ń lọ?" Bàbá bi mí lórí fóònù. "Ẹ gé etí káàdì tí wọ́n fi pè yín síbi ìgbéyàwó. Ẹ tì í bọ àárín kọ́ńtáàtì, kó wọlé, kó má há."

Mo gé e. Mo ti súkúrù pa, mo fa etí káàdì yọ, mo ta Ìjàpá. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde. Ikọ́ náà dùn létí mi ju orin lọ.

Lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn, ọmọkùnrin kan gba káàdì wa, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Etí kan ò sí níbẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì sì ti bo orúkọ ọkọ ìyàwó.

"Dádì, ṣé eku ló jẹ káàdì yín ni?"

Ìyàwó mi tún gèlè rẹ̀ gbé.

"Rárá o. Ìjàpá ni."